Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì ń ta: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín lẹ́yìn etí nítorí ìrora iṣan ojú. Ìrora tó máa ń sán bí àrá lẹ́rẹ̀kẹ́ yín ti rọlẹ̀, àmọ́ nǹkan mìíràn ti jókòó sípò rẹ̀: ó ń jó, ó ń rìn yín lára, ètè sì kú. Ẹ wá bèèrè bóyá iṣẹ́ abẹ náà ò jẹ́ ni, àti bóyá ẹ lè pa oògùn tó ń mú yín tòògbé ṣáá yìí tì. Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló lè ṣe yín léṣe lálẹ́ òní: ẹ má pa á tì fúnra yín. Èmi pa á tì. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Tíṣà ni mí, ẹnu ni mo fi ń jẹun lọ́nà méjèèjì. Ọdún mẹ́rin ni iṣan ojú fi bá mi fà á kí n tó dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Eyín méjì ni wọ́n ti yọ lẹ́nu mi kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kì í ṣe eyín ló ń dùn mí, eyín méjèèjì ò sì ṣẹ̀ wọ́n. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kan èrìgì mi lókè lápá ọ̀tún, bí iná ṣe ń gbé èèyàn ló ṣe máa ń gbé mi, láti ihò imú dé etí. Kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n màá ti di ògiri mú. Ó wá di pé láràárọ̀, mo máa ń dúró níwájú dígí, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ọṣẹ ìfọyín á máa gbẹ lórí ẹ̀, n ò sì ní lè gbé e sẹ́nu.

Iṣan tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní trigeminal, ìkarùn-ún nínú iṣan méjìlá tó ti ọpọlọ jáde lápá kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń gbé ìròyìn ojú lọ fún ọpọlọ. Ẹ̀ka rẹ̀ kan lọ síwájú orí àti ẹyinjú, èkejì lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú àti ètè òkè, ẹ̀kẹta sí àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀. (Kì í ṣe òun ló ń mú ẹnu rẹ́rìn-ín o. Ìkeje ló ń ṣe ìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń pa méjèèjì pọ̀.) Lọ́pọ̀ ìgbà, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló lọ fara tì í nídìí ibi tó ti jáde, tó ń lù ú kìkìkì bí ọkàn ṣe ń lù, títí ohun tó bo iṣan náà fi bó bí awọ wáyà iná. Wáyà tó bó bá fara kan wáyà, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún èmi, tó sì jọ pé òun náà ni wọ́n ṣe fún yín, ni pé wọ́n lu ihò kékeré sí agbárí lẹ́yìn etí, wọ́n gbé iṣan ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lára ẹ̀, wọ́n wá fi Teflon bíńtín, ohun rírọ̀ bí òwú, ha àárín àwọn méjèèjì.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn: wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí alágbàárù. Èjìká tó ti bó fún ọdún mẹ́rin ò ní jinná lọ́jọ́ tí ẹrù kúrò. Awọ wáyà yẹn ní láti bo ara ẹ̀ padà, tí okùn iṣan fúnra ẹ̀ bá sì já níbì kan tó ní láti hù, nǹkan bíi mìlímítà kan lóòjọ́ ló ń rìn. Kò sí ẹni tó sọ èyí fún mi kí n tó kúrò ní ọsibítù. Bóyá wọ́n sọ ọ́, orí mi ni ò tíì walẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n ti tú okùn ọgbẹ́, mo fọ eyín láti òkè dé ìsàlẹ̀, àrá kankan ò sán. Inú mi dùn débi pé mo kó gbogbo carbamazepine tó kù, oògùn tí mò ń lò fún àrá náà, sínú àpò ìdọ̀tí. Ẹ má dá mi lẹ́bi. Oògùn yẹn ti jẹ́ kí n máa gbàgbé orúkọ ọmọ kíláàsì mi, mò ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Òru ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago méjì, mo kàn yíjú sórí ìrọ̀rí, àrá sán. Ó tún sán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ka mọ́kànlá, mo sì ti gbà pé lásán ni wọ́n la orí mi. Ìyàwó mi ò bá mi jiyàn. Ó tan iná fóònù, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣa páálí oògùn jáde láàárín bébà àti irun àgbọ̀n tí mo fá, ó sì ń pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára káàdì ọsibítù. Ohun tí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ta ló ní kó dá a dúró?"

Ó ṣàlàyé pé oògùn yìí yàtọ̀ sí èyí tí èèyàn ń lò tí orí bá ń fọ́ ọ, tó lè fi sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Ńṣe ló ń di iṣan lọ́wọ́ mú kó má bàa máa kígbe. Tẹ́ ẹ bá jọ̀ọ́ lójijì, iṣan tí ò tíì rọlẹ̀ á ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ lè mú gìrì wá. Bákan náà ni gabapentin àti pregabalin, oògùn ìrora iṣan mìíràn, wọn ò ṣeé já lójijì. Òun ló sọ iye tí mo máa fi padà bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin gbáko la fi wá ń dín in kù díẹ̀díẹ̀: tá a bá dín in, a ó dúró wo bí ara ṣe gbà á, ká tó tún dín in. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà nígbà yẹn fi hàn pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀. Àṣé òun wà lára ohun tó ń kọ́ mi lóòyì! Torí náà, tí oorun àti òòyì bá ti ń dí yín lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́sibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Tí ara yín bá sì sú, pàápàá pẹ̀lú ibà tàbí egbò lẹ́nu, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ka ìwé inú páálí oògùn yẹn, ó rí "wárápá," ó fa ọmọ ẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó ní ìgbà wo ni wọ́n fi eléyìí pa mọ́ fún òun. Oògùn wárápá ni lóòótọ́. Láti nǹkan bí 1962 ni àwọn dókítà ti rí i pé ó ń pa àrá ojú lẹ́nu mọ́. Àìsàn fúnra ẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìwé: ní 1756 ni Nicolas André, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, ti sọ ọ́ ní tic douloureux, ìyẹn fífò tó ń dunni, nítorí bí ojú ṣe máa ń fò nígbà tí ìrora bá dé.

Ìbéèrè yín àkọ́kọ́ wá kàn. Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ àròkàn ni ìwé kékeré kan tí mò ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí. N ò kọ "ìrora" sínú ẹ̀ rárá, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti fẹ̀ jù. Orúkọ mẹ́rin ni mo sọ wọ́n. Àrá ni ti àtijọ́, èyí tó ń gbé èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà tó sì ń lọ. Èèrà ni èyí tó ń rìn lórí ètè, tí mo máa ń nù nù nù tí n kì í rí nǹkan kan. Iná ni èyí tó ń jó wérewère láti ìrọ̀lẹ́ lọ. Òkúta sì ni ti ẹ̀yìn etí àti ọrùn, ibi tí wọ́n là, tó máa ń wúwo tí mo bá ti jókòó pẹ́. Mo ń kọ aago, mo ń kọ ohun tí mò ń ṣe lọ́wọ́. Nígbà tí dókítà ṣí i, kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Àrá: 9 ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 2 ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, òdo ní ìkẹjọ. Ó ní, "Iṣẹ́ abẹ rẹ jẹ́. Èèrà àti iná ni iṣan tó ń jinná, tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ padà." Èmi tí mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kò sí ìyàtọ̀!

Orúkọ yẹn tún wúlò torí pé oògùn kan ò lè wo gbogbo wọn. Paracetamol gbọ́ ti òkúta dáadáa, àmọ́ kò mọ àrá rí. Àrá, carbamazepine ló mọ̀ ọ́n. Ti iná àti èèrà, dókítà mi fún mi ní amitriptyline díẹ̀, lálẹ́ nìkan, ó sì jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ẹ má lọ rà á fúnra yín. Ẹ mú ìwé yín lọ, kí tiyín sọ tiyín.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú ń fẹ́ ìṣọ́ ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dùn lọ. Mo gbé rọ́bà omi gbígbóná lé e ní alẹ́ kan, mo ní kó tù mí, mo sì sùn lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, awọ ti lé róró, n ò sì gbọ́ nǹkan kan. Yìnyín náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ẹnu ńkọ́? Mo ti ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara mi mọ́ oúnjẹ, adùn ẹ̀jẹ̀ ló máa ń sọ fún mi. Mo wá kọ́ láti máa fi apá kejì jẹun, láti fi ìka ọwọ́ tó gbọ́ gbóná àti tútù tọ́ ohun mímu wò, kí n sì máa wo inú ẹnu nínú dígí kí n tó sùn.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi ní ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù fún iná. Òwú ni mo kọ́kọ́ fi ń ra ẹ̀rẹ̀kẹ́, jẹ́jẹ́, láti apá tó gbọ́ lọ sí apá tí kò gbọ́, ìṣẹ́jú méjì péré, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di hańkáṣíìfù. Lẹ́yìn èyí, táwẹ́lì. Ó jọ eré ọmọdé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òwú yẹn dà bí yanrìn lójú mi. Ní oṣù kẹta, mo fi táwẹ́lì nujú láìrántí pé ó yẹ kí n bẹ̀rù. Ẹ rí i pé ojú ọgbẹ́ ti jinná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì má ṣe é lọ́jọ́ tí àrá bá ń sán.

Fáànù, ẹ má jẹ́ kó kọjú sí yín. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni mo ń fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ níta títí oṣù karùn-ún. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá tí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá ni mo padà sí kíláàsì. Àwọn ọmọ ló ń kàwé sókè, èmi ń kọ sójú pátákó. Ọ̀rọ̀ sísọ ò wá dùn mí mọ́, àmọ́ ẹ̀rù ọ̀rọ̀ sísọ ṣì wà, ó sì pẹ́ ju ìrora lọ. Wọ́n ní kí n lọ rí ẹni tó ń tọ́jú ọkàn, mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé wèrè ni mí ni. Mo lọ nígbẹ̀yìn. Ó yẹ kí n ti lọ ṣáájú.

N ò ní purọ́ fún yín. Àwọn kan wà tí àrá padà dé bá. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún ya àwòrán inú orí (MRI), oògùn mìíràn àti ọ̀nà mìíràn ṣì wà. Èmi ti lo ọdún méjì báyìí. Ibì kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ wà lórí ètè mi tí kò tíì jí, n ò sì retí ẹ̀ mọ́. Tí omi tó mọ́ gaara bá ń jò nímú yín tàbí lójú ọgbẹ́, pàápàá tí ẹ bá tẹrí ba, tàbí tí ibà dé pẹ̀lú orí fífọ́ àti ọrùn tó gan, ẹ má fi ìyẹn sínú ìwé kankan. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí etí bá di lójijì, tàbí tí ẹnu bá ya sápá kan.

Mo tún padà ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó parí, mo wá rí ibi tí ẹ ti sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan pé ẹyinjú yín lápá ibẹ̀ ti pọ́n láti àná, ṣùgbọ́n pé kò dùn yín, torí náà ẹ ò kà á sí. Kò dùn yín yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ẹ̀ka iṣan yìí kan náà ló ń jẹ́ kí ẹyinjú mọ̀ pé iyanrìn wọ òun. Tí òun náà bá ti kú, ó lè ní egbò kó má wí. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má duró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wò ó lónìí.