Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìlù sílẹ̀ ná: ibi tí Piano Phase ti ń já mọ́ yín lọ́wọ́

Ẹ béèrè irú ọ̀pá tí oní-màrímbà (ohun èlò onígi pẹlẹbẹ tí à ń fi ọ̀pá lù) yóò lò kí ohùn rẹ̀ lè bá píánò ṣe wẹ́kú nínú Piano Phase, orin ẹni méjì tí Steve Reich kọ ní 1967. Ẹ tún sọ pé gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ síwájú, ìyẹn ni pé kó máa yára díẹ̀díẹ̀ ju ẹnì kejì lọ, ni nǹkan ń dàrú. Màá dé orí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kọ́ ló ń ṣe yín.

Àwọn olùkọ́ tó ń sọ pé "ẹ kàn jẹ́ kó wọ̀ yín lára" ti fi ìyà jẹ ọ̀pọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Nóòtì 12 ló wà nínú ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn àwọn nóòtì tí ẹ̀yin méjèèjì ń tẹ̀ ní àtúntẹ̀. Ní ìyára 72 (lílù 72 ní ìṣẹ́jú kan), tí nóòtì mẹ́fà wà nínú lílù kọ̀ọ̀kan, nóòtì 432 lẹ ń tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹnì kan dúró gbọn-in, ẹnì kejì ń yọ́ títí yóò fi fi nóòtì kan ṣoṣo ṣáájú. Ká ní ọ̀wọ́ mẹ́wàá lẹ fẹ́ fi ṣe é: nígbà tí ẹni tó dúró bá tẹ 120, ẹni tó ń yọ́ gbọ́dọ̀ ti tẹ 121. Ìyára tirẹ̀ jẹ́ 72.6. Kò tiẹ̀ pé lílù kan lé lórí 72! Bí ẹ bá sáré dé 76, ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ni nóòtì yẹn yóò fi kọjá. Fífò lẹ fò yẹn, ẹ ò yọ́.

Àárín ni gbogbo wa ti ń ṣubú. Tí nóòtì ẹnì kan bá bọ́ sí àárín méjì ẹnì kejì, etí á ní ó ti bàjẹ́, ọwọ́ á sì sá lọ síbi ìsinmi tó sún mọ́ ọn jù, yálà iwájú tàbí ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́ rárá. Níbẹ̀ gan-an, nóòtì 24 ló ń dún ní déédéé, bíi pé ẹnì kan ṣoṣo ń tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì ìyára. Ohùn yẹn ni kí etí yín mọ̀ dunjú. Ẹ gba ohùn ẹni tó dúró sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi gbohùngbohùn etí sí etí kan, kí ẹ yọ́ dé ìdajì péré. Ẹ dúró níbẹ̀ fún ọ̀wọ́ mẹ́rin, kí ẹ rọra padà sẹ́yìn. Ẹ má tíì sọdá. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fún un.

Ẹni tó dúró náà níṣẹ́ o, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń gbàgbé. Kó má wo ọwọ́ ẹnì kejì, torí ojú ń fa èèyàn ju etí lọ.

Ọwọ́ òsì àti ọ̀tún ń gba ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: òsì ń yí nóòtì E, B, D, ọ̀tún ń yí F♯, C♯. Ẹ ṣọ́ra fún E, torí ó wà lẹ́ẹ̀mejì. E tí F♯ tẹ̀lé ni ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí C♯ tẹ̀lé, àárín ọ̀wọ́ ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ṣìnà ń wọlé padà lórí E tí kì í ṣe tiwọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ fi Clapping Music, orin àtẹ́wọ́ tí Reich kọ ní 1972, kọ́ yíyọ́, ẹ má dá a lóhùn. Orin tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà lẹnì kejì ń fò sí ipò tó kàn níbẹ̀. Kò sí yíyọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ẹ sún mọ́ra. Bí mítà mẹ́wàá bá wà láàárín yín, ohùn ẹnì kejì á fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún nóòtì pẹ́ kó tó dé etí yín. Ìyẹn tó iṣẹ́ ọ̀wọ́ méjì nínú mẹ́wàá tí a ṣírò lókè. Mítà méjì ti tó.

Ẹ wọn ohùn màrímbà kí ẹni tó ń tún ohùn píánò ṣe tó dé. Ọ̀pọ̀ màrímbà ni nóòtì A wọn wà ní 442 (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), àwọn tó ń tún ohùn píánò ṣe á sì dorí kọ 440 láìbi ẹnikẹ́ni, wọ́n á ní etí ò lè mọ̀ ọ́n. Etí mọ̀ ọ́n! Lórí A tó wà láàárín píánò, àpapọ̀ ohùn méjèèjì á máa lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nínú orin tí ohùn kan náà ń padà wá fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Igi màrímbà kò ṣeé yí bíi wáyà, nítorí náà ohùn píánò ni kí wọ́n gbé lọ bá a.

Ó yá, ọ̀pá. Olówùú tó le díẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, méjèèjì bákan náà. Onírọ́bà líle tàbí oníke á dá ojú igi náà lápá. Ìwé orin sọ píánò méjì tàbí màrímbà méjì, ẹ̀yin lẹ pa á pọ̀. Màrímbà sì ń tètè kú ju píánò lọ, nítorí náà kí onípíánò má fẹsẹ̀ kan pẹ́dàlì, kó tẹ̀ ẹ́ ní kúkúrú, kí ìdérí píánò ṣí dé ìdajì. Ẹ ní kí ẹnì kan jókòó sáàárín gbọ̀ngán nígbà tí ẹ bá jọ ń tẹ̀ ẹ́ pọ̀ láìyọ́. Tó bá ń gbọ́ "kọ" igi ṣáájú ohùn, ọ̀pá yẹn ti le jù.