Oògùn kan náà, kòkòrò méjì: ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí mẹ́dọ̀wú B àti HIV

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Obì ni mo ń tà ní Ṣàgámù. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń lo oògùn HIV, ara mi sì le koko. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò láìpẹ́ yìí, wọ́n ní mo ní àrùn mẹ́dọ̀wú B (hepatitis B) pẹ̀lú. Ẹnì kan ní kí n lọ ra oògùn mẹ́dọ̀wú lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó mọ ọ̀rọ̀ mi, sọ pé oògùn HIV ló ń ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́, kí n fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí n máa fi àgbo fọ inú. Èwo ni kí n ṣe? — *Ìyá Olóbì, Ṣàgámù*

Ìdáhùn: Màmá wa, ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ má tilẹ̀ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ni ewu tó súnmọ́ yín jù lọ nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ike oògùn yín, kí ẹ ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Nàìjíríà lóde òní ni, orúkọ mẹ́ta ni ẹ ó rí níbẹ̀: dolutegravir 50 mg, lamivudine 300 mg àti tenofovir 300 mg. Hóró kan ṣoṣo ni ẹ ń gbé mì, ṣùgbọ́n oògùn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bá HIV jà. Méjì nínú wọn, lamivudine àti tenofovir, tún ń bá kòkòrò mẹ́dọ̀wú B jà, tenofovir ló sì lágbára jù níbẹ̀. Kòkòrò méjèèjì kì í ṣe ẹbí ara wọn, àmọ́ irin iṣẹ́ tó jọra ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ara wọn nínú ara wa, irin iṣẹ́ náà gan-an ni oògùn méjèèjì yìí ń dí lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí oògùn mẹ́dọ̀wú tí wọ́n ní kí ẹ lọ fowó rà ti wà nínú hóró tí ẹ ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá tún wá ra tenofovir kún un, ìlọ́po méjì ni ẹ ó máa lò, kíndìnrín yín ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí orúkọ tenofovir lára ike náà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé yín, ẹ tètè padà lọ bá dókítà. Àwọn tó ti ń lo oògùn HIV láti ìgbà pípẹ́ ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Láyé ìgbà tí zidovudine, lamivudine àti nevirapine jẹ́ oògùn tí a ń pín káàkiri, lamivudine nìkan ló ń ko mẹ́dọ̀wú B lójú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan kò sì tó. Nínú ara ẹni tó ní àrùn méjèèjì, tó sì jẹ́ lamivudine nìkan ló ń dojú kọ mẹ́dọ̀wú, kòkòrò náà máa ń kọ́ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá fi pé ọdún mẹ́rin, oògùn náà kì í ràn án mọ́ lára bí ènìyàn 9 nínú 10.

Ní ti ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n ọkọ yín, mo gbà pé ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣàìní ìdí kankan, nítorí pé àwọn oògùn HIV àtijọ́ kan, pàápàá nevirapine, máa ń ṣe ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n ti yín yàtọ̀. Hóró yín ni kò jẹ́ kí mẹ́dọ̀wú ráyè. Kì í pa kòkòrò náà tán. Ó kàn ń dá a dúró ni, nítorí pé kòkòrò náà ti sá pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ níbi tí oògùn kò lè dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú obì mọ̀ pé obì lè máa dán lójú, kí kòkòrò wà nínú rẹ̀, bí ẹ bá sì dẹwọ́ ìtọ́jú fún ìgbà díẹ̀, gbogbo apẹ̀rẹ̀ ló lè bàjẹ́. Bí ẹ bá dá oògùn dúró, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, mẹ́dọ̀wú lè ru sókè, ẹ̀dọ̀ yóò wú, ojú àti ìtọ̀ yóò pọ́n, àwọn mìíràn sì ti gba ibẹ̀ kú. HIV náà yóò máa pọ̀ sí i ní àkókò kan náà. Àgbo tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, jẹ́ ẹrù mìíràn lórí ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá ń bá obì lọ sí Òkè Ọya, ẹ gbé oògùn tó ju iye ọjọ́ ìrìn-àjò yín lọ dání. Níbi tí ẹ ti ń gba oògùn, yálà ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ tó wà ní Ṣàgámù yín níbẹ̀ tàbí ibòmíràn, ẹ rí i pé wọ́n kọ mẹ́dọ̀wú B sínú fáìlì yín gbọnmọgbọnmọ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ pààrọ̀ oògùn yín lọ́jọ́ iwájú, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kòkòrò méjì ló ń tọ́jú. Abẹ́rẹ́ cabotegravir àti rilpivirine tí àwọn kan ń gbà fún HIV dípò hóró ojoojúmọ́ kò kan mẹ́dọ̀wú rárá. Kí wọ́n máa yẹ kíndìnrín yín wò pẹ̀lú, torí pé tenofovir lè pa á lára díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá rí ìṣòro níbẹ̀, irú tenofovir mìíràn tí a ń pè ní tenofovir alafenamide wà, tó rọ kíndìnrín lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n sì ya àwòrán ẹ̀dọ̀ yín, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àpá tàbí jẹjẹrẹ ń yọjú níbẹ̀.

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní mẹ́dọ̀wú B mi ti tó èyí tí a ń lo oògùn sí, ṣùgbọ́n dókítà ní òun kò ní kọ oògùn kankan fún mi àfi tí mo bá kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò HIV. Ó bí mi nínú, nítorí mi ò kì í ṣe oníṣekúṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní HIV ń gba tenofovir lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ní láti fowó rà á. Ṣé a kò lè jọ máa pín tirẹ̀ lò? — *Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, dókítà yín kò tàbùkù yín, iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe dáadáa. Oògùn mẹ́dọ̀wú B kan wà tó ń jẹ́ entecavir, ó sì dára púpọ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ènìyàn sì gbà pé kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú HIV. Ní 2007 ni àwọn oníṣègùn kéde pé ó ń fọwọ́ kan HIV díẹ̀: kò tó láti ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ ọ ní ọ̀nà tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ lamivudine. Fífún ènìyàn ní tenofovir nìkan nígbà tí HIV wà lára rẹ̀ láìmọ̀ lè fa irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ náà. Àyẹ̀wò tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni yóò gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti ìwà yín, àyẹ̀wò yìí kò béèrè nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ní mẹ́dọ̀wú B ló jẹ́ pé láti kékeré ló ti wọ̀ wá lára.

Ẹ má pín oògùn ọ̀rẹ́ yín lò. Hóró tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí ni hóró tí òun kò ní rí lò kí ọjọ́ gbígba òmíràn tó pé. Bí tirẹ̀ bá ń já, HIV rẹ̀ yóò mọ ọgbọ́n oògùn náà. Bí tiyín bá ń já, ẹ̀dọ̀ yín wà nínú ewu tí mo sọ fún Ìyá Olóbì lókè.

Ọ̀rọ̀ owó ni mi ò lè bá yín jiyàn lé lórí, ó sì dùn mí gan-an. Ìwádìí ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 láàrin ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ló ní mẹ́dọ̀wú B, nígbà tí àwọn tó ní HIV kò pé 2 nínú 100. Síbẹ̀, oògùn HIV jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú nìkan sì ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èyí tó wà nínú hóró ọ̀fẹ́ náà. Kò tọ́, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin wa gbọ́ ọ lẹ́nu wa lemọ́lemọ́. Ní báyìí ná, ẹ béèrè fún tenofovir lásán lọ́wọ́ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ, ẹ má béèrè fún orúkọ ilé iṣẹ́ kan pàtó. Ohun kan náà ló ń ṣe, owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ gan-an.

Ìbéèrè: Mo lóyún oṣù márùn-ún, mo sì ní mẹ́dọ̀wú B, àmọ́ mi ò ní HIV. Ṣé ọmọ mi lè bọ́? — *Ìyàwó Ilé, Ìjẹ̀bú-Igbó*

Ìdáhùn: Ó lè bọ́, àǹtí. Ẹ bi àwọn olùtọ́jú yín bóyá ó yẹ kí ẹ máa lo tenofovir láti ìsinsìnyí títí ẹ ó fi bímọ. Ìlànà àjọ WHO ti 2024 gbà á láyè fún aláboyún tí kòkòrò pọ̀ lára rẹ̀, ó sì gbà á láyè fún aláboyún yòówù tó ní mẹ́dọ̀wú B níbi tí kò bá sí àyẹ̀wò tí a fi ń mọ bí kòkòrò ṣe pọ̀ tó. Ẹ bímọ sí ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú nílẹ̀, nítorí pé láàrin wákàtí 24 ni ọmọ gbọ́dọ̀ gba ti àkọ́kọ́, kí ó tó wá gba ìyókù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ lè fún un lọ́mú. Tó bá di oṣù 9 sí 12, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.