Má tíì yọ wáyà eyín rẹ nítorí àgbọ̀n tó ń dún

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi wáyà tó ń to eyín sí ẹnu rẹ ni àgbọ̀n rẹ ti ń dún lẹ́bàá etí, o sì ń bèèrè bóyá kí wọ́n yọ ọ́. Má tíì yọ ọ́.

Mo wọ wáyà rí. Àgbọ̀n ti ń dùn mí ṣáájú, wọ́n sì ní bí eyín bá ti tò, ìrora á lọ. Eyín tò, ìrora ò lọ. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tí àgbọ̀n mi há tí ìka kan péré ń wọ ẹnu mi.

Iwájú etí ni oríkèé àgbọ̀n wà. Ohun rírọ̀ pẹlẹbẹ kan ló wà láàárín eegun àgbọ̀n àti eegun orí níbẹ̀. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, á máa dún tí a bá ń lanu. Bí kò bá sí ìrora, tí ẹnu sì ń là dáadáa, dídún yẹn kò nílò ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò wọ wáyà rí ló ní i.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹ̀bi àìsàn àgbọ̀n ru wáyà. Lọ́dún 1987, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ bu owó gọbọi lé dókítà eyín kan lórí irú ẹ̀sùn yìí. Àwọn onímọ̀ wá tú ọ̀rọ̀ náà wò: wọn ò rí i pé wáyà ló ń fa àìsàn oríkèé àgbọ̀n, wọn ò sì rí i pé ó ń wò ó sàn. Ìgbà ọ̀dọ́ tí ọ̀pọ̀ ń wọ wáyà náà ni àìsàn yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá lára obìnrin.

Ohun tó tú mi sílẹ̀ ni eré ìdárayá àgbọ̀n tí onífisiọ́ (olùtọ́jú iṣan àti oríkèé) kọ́ mi, aṣọ inura tí a rì sínú omi gbígbóná, oúnjẹ rírọ̀, àti pé mo jáwọ́ nínú dídi eyín mọ́ra lọ́sàn-án. Ètè lè pàdé. Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kanra àfi tí o bá ń jẹun.

Bó bá ń dùn ọ́, sọ fún dókítà tó fi wáyà sí ọ. Ó lè dẹ wáyà náà, tàbí kó ní kí o dá rọ́bà tó ń fa àgbọ̀n dúró títí ara á fi rọ̀. Bí ìka mẹ́ta kò bá gba ẹnu rẹ mọ́, tètè lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́kọ́ rẹ́ eyín rẹ tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ, lọ bi dókítà mìíràn ná, torí eyín tí wọ́n bá ti rẹ́ kì í hù padà.