Àbúrò mi ní òun ò lo oògùn, ṣé kí n bá a sáìnì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ, schizophrenia ni wọ́n pè é. Wọ́n fẹ́ máa fún un ní olanzapine, ó ní òun ò lò ó, ni wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù fún èmi ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé kí n bá a sáìnì. Ṣé ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́ lè dá irú nǹkan báyìí pinnu ni?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo mọ̀ pé kò rọrùn rárá. Ẹ má tíì sáìnì nǹkan kan. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni ìdí tó fi ní òun ò lò ó, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tó bá ní oògùn yẹn ń mú òun sanra, oorun ẹ̀ sì pọ̀ jù, ṣé kò sí òmíì ni, òótọ́ ló sọ, olanzapine máa ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn sanra, ó sì lè mú kí ṣúgà lọ sókè nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tára ẹ̀ yá náà á kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ dókítà nígbà yẹn ni kó jókòó tì í kí wọ́n jọ wo oògùn míì, kì í ṣe kó máa wá ẹni tó máa sáìnì. Ṣùgbọ́n tó bá ní àwọn nọ́ọ̀sì ti fi májèlé sí i, pé ohùn kan ló sọ fún òun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn ló ń bá a dáhùn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ti ẹnu ẹ̀ jáde nígbà méjèèjì, "mi ò lò ó", àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Orúkọ àìsàn nìkan ò tó ká fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Àgbàlagbà lè dá pinnu, ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ní kò lè ṣe é ló máa fi hàn. Ohun mẹ́rin la máa ń yẹ̀ wò, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Appelbaum àti Grisso, ló tò wọ́n jọ bẹ́ẹ̀ ní 1988, a sì ń lò wọ́n títí dòní: ṣé àlàyé tá a ṣe yé e, ṣé ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun gan-an, ṣé ó lè gbé èyí wò mọ́ ìyẹn kó tó mú ọ̀kan, ṣé ó sì lè sọ èyí tó mú fún wa. Ká mọ̀ bóyá ó yé e ò ṣòro, ẹ ní kó fi ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ tún àlàyé náà sọ, ẹ má kàn bi í pé ṣé ó yé ẹ torí gbogbo èèyàn ló máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó le ni ìkejì. Ẹlòmíì á sọ gbogbo nǹkan nípa àìsàn náà pátá, á wá ní kì í ṣe òun ló ń ṣe. Síbẹ̀ ẹ má yára dájọ́, mo ti rí àwọn tí wọn ò gbà pé àwọn ń ṣàìsàn àmọ́ tí wọ́n mọ̀ pé táwọn bá lo oògùn yẹn àwọn á rí oorun sùn, ohùn yẹn náà á sì rọlẹ̀, àwọn yẹn lè pinnu dáadáa.

Ìsoríkọ́ tiẹ̀ máa ń tan àwa dókítà jẹ, torí ẹni tó mú gan-an lè jókòó jẹ́ẹ́ kó dáhùn gbogbo ìbéèrè láìṣì, àfi ìgbà tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé tó fi kọ̀ ló máa sọ pé òun ò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń tọ́jú. Gbogbo àlàyé ló yé e, ṣùgbọ́n àìsàn ò jẹ́ kó lè ka ẹ̀mí ara ẹ̀ sí nǹkan kan mọ́.

Ẹjọ́ kan wà ní England lọ́dún 1993. Ọkùnrin ẹni ọdún 68 kan wà ní Broadmoor, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n ń ṣọ́ gan-an, schizophrenia ló ń ṣe é, ó gbà pé dókítà ńlá tí ayé mọ̀ lòun, ni ẹsẹ̀ ẹ̀ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, oníṣẹ́ abẹ wá ní tí wọn ò bá gé e, 15 péré nínú 100 ni ìrètí pé ó máa yè. Ó ní kí wọ́n má gé e. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, adájọ́ ní àìsàn ẹ̀ ò dí i lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gé ẹsẹ̀ náà àfi tó bá fọwọ́ sí i. Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ ọ̀hún lọ́nà míì, kò sì kú. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń bi èèyàn lórí nǹkan kọ̀ọ̀kan, àbúrò yín lè má lè pinnu lórí oògùn lónìí kó sì mọ̀ dáadáa bóyá òun fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún tẹ́ẹ̀sì. Ó sì máa ń yí, èyí tí kò lè ṣe lálẹ́ tí oògùn oorun ṣì wà lára ẹ̀, ó lè ṣe é láàárọ̀ tára ẹ̀ bá silẹ̀ tí ẹni tó fọkàn tán sì wà nítòsí. Tí ọ̀rọ̀ ò bá kánjú, ẹ ní kí wọ́n dúró kí wọ́n tún bi í.

Nípa fọ́ọ̀mù, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, pé ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ò fún yín láṣẹ lórí àgbàlagbà tó lè pinnu fúnra ẹ̀. Ẹ bi wọ́n: ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà wo, lórí ìbéèrè wo, ṣé wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì ẹ̀? Tí èsì bá jẹ́ pé "schizophrenia ló ní, kò lè mọ nǹkan kan", wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn. Ẹ tún bi wọ́n bóyá òfin tó ní kí wọ́n tọ́jú alárùn ọpọlọ tó lè ṣe ara ẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe ni wọ́n ń lò, torí òfin yẹn yàtọ̀, ó ní ìwé tiẹ̀, ó sì yẹ kí ọ̀nà wà tí ẹ lè fi pe ẹjọ́ lé e lórí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ẹ̀ wà nínú ewu tí kò sì lè pinnu, wọn ò gbọdọ̀ dúró de ìwé ẹnikẹ́ni. Tó bá sì hàn pé lóòótọ́ ni kò lè pinnu, tí wọ́n wá bi yín léèrè, ohun tó máa fẹ́ ká ní ara ẹ̀ yá ni kẹ́ ẹ sọ, ohun tó ń gbóná lára tiyín kọ́.

Ohun kan máa ń dùn mí: tí aláìsàn bá kọ̀, gbogbo wa á máa wádìí bóyá ó lè pinnu, ṣùgbọ́n ẹni tó ń mi orí sí gbogbo nǹkan, tó ń sáìnì ibi tí wọ́n bá nàka sí, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan. Tí àbúrò yín bá padà ní òun gbà, ẹ ṣì ní kó ṣàlàyé ohun tó gbà fún yín.

Tára ẹ̀ bá wá yá, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹ̀ kó kọ ọ́ sílẹ̀: oògùn tó bá a lára mu, èyí tí kò fẹ́ rí mọ́, ẹni tí wọ́n máa pè tí àìsàn náà bá tún dé. Kó kọ déètì sí i, kó sáìnì, kí ẹ̀dà kan wà nínú fáìlì ẹ̀, kí ẹ̀yin náà ní ọ̀kan lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n níbẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ kí òfin lè kà á sí.