Ẹ má jẹ́ kí ilé tuntun fara ti ògiri àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ilé ẹbí. Ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti yàrá jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá yín kọ́ sí Aké, ẹ sì ń béèrè bóyá ìjọba lè dá yín dúró. Ó lè dá yín dúró. Àmọ́ omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù.

Nígbà tí a fẹ́ kọ́ irú ẹ̀ sẹ́yìn ilé tiwa ní Ìtòkú, bíríkìlà tí wọ́n mú wá ní ká fi ògiri àtijọ́ ṣe ọ̀kan nínú ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé búlọ́ọ̀kù á dín. Lóòótọ́ ló máa dín. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ àwọn ilé alámọ̀ wọ̀nyí kì í sábà jìn. Bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ ń gé. Ibi tí páànù tuntun bá sì ti pàdé ti àtijọ́, ibẹ̀ ni òjò á máa gbà wọlé. Ohun tó ṣe ilé tó wà lẹ́yìn tiwa nìyẹn: ògiri rà láti ìsàlẹ̀, ó wó lóru ọjọ́ òjò kan, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sẹ́ni tó sùn síbẹ̀. A dá bíríkìlà yẹn padà, a wá ẹlòmíràn.

Ẹ fi àyè tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sílẹ̀ láàárín ilé méjèèjì. Kí páànù tuntun máa da ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀yìn, kó má kọjú sí ilé àgbà. Ẹ má da kọnkéré bo gbogbo àárín wọn o. Omi tí kò rí ilẹ̀ wọ̀, ògiri ló máa wọ̀. Bí wọ́n bá sì ní àwọn á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé àtijọ́ kí méjèèjì lè jọra, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rinrin inú amọ̀ gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Sìmẹ́ǹtì á dé e mọ́nú, ògiri á máa bàjẹ́ lábẹ́ ohun tó ń dán.

Ti sọ́kàwéè ńkọ́? Abẹ́òkúta la wà, àpáta kì í jìnnà. Kòtò tó bá bá àpáta pàdé kì í fa omi, ẹ̀yìn ilé ló máa dà á padà sí. Kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ bi àwọn àgbà ibi tí wọ́n sin òkú sí àti ibi tí ṣálángá àtijọ́ wà. Ìyá àgbà kan nílé wa ló tọ́ka ibi tí sàréè wà tí kò sí àmì kankan lórí rẹ̀.

Ní ti ìwé, ẹbí ló ṣáájú. Kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i kí ẹ tó ra búlọ́ọ̀kù, torí ẹni tí kò gbálẹ̀ ilé náà rí ló máa ń kọ́kọ́ mú lọ́yà wá. Lẹ́yìn náà ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti ìpínlẹ̀. Wọ́n dá àwòrán wa padà torí yàrá tuntun nìkan ni ayàwòrán yà. Ẹ jẹ́ kí ilé àtijọ́, sàréè àti ojú àgbàrá wà nínú tiyín.

Bí ìjọba àpapọ̀ bá ti kéde ilé yín ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, àṣẹ àjọ mùsíọ́ọ̀mù, NCMM, tún pọn dandan lábẹ́ òfin 1979. Ọ̀pọ̀ ilé àgbà ìlú wa ni wọn ò tíì kéde. Ìkéde nìkan ò sì tó: wọ́n kéde Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan l'Ékòó, ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní 2016.

Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ gbé jìnnà jù, sí igun odi, lórí kọnkéré tirẹ̀, níbi tí èéfín ò ti ní gba fèrèsé ẹnikẹ́ni wọlé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti sán lára ilé àtijọ́ kí wọ́n tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má baà sọ lọ́la pé iṣẹ́ yín ló là á.