Ẹ wo ṣọ́bìrì kí ẹ tó wo lítà

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹ ra báàgì 22 lítà tí wọ́n dín owó rẹ̀, àbí kí ẹ fi owó kún un ra 32, torí ẹ fẹ́ máa fẹsẹ̀ gun òkè Colorado l'Amẹ́ríkà kí ẹ tó fi snowboard, pákó tí wọ́n ń dúró lé lórí yìnyín, yọ̀ wálẹ̀: mo ti ra 22 rí. Ó ṣì wà nílé. Ọmọ mi ló ń gbé e lọ sílé ìwé.

Ọdún kejì tí mo dé Denver ní Colorado, àwa mẹ́rin lọ fi bí wọ́n ṣe ń wú ẹni tí yìnyín ya bò jáde dánra wò ní Berthoud Pass, ọ̀nà orí òkè kan tó ga ju 3,400 mítà lọ. Wọ́n fi beacon kan, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi àmì ránṣẹ́ kí wọ́n lè rí ẹni tí yìnyín bò, sínú àpò, wọ́n rì í mọ́ yìnyín, wọ́n ní kí n wá a. Wíwá kò pẹ́. Báàgì ló dójú tì mí. Ṣọ́bìrì wà nísàlẹ̀ pátápátá, jákẹ́ẹ̀tì lé e lórí, fúláàsì ẹ̀kọ mímu tún lé jákẹ́ẹ̀tì lórí. Imú síìpù kéré bí eyín èkúté, ìbọ̀wọ́ mi ò lè dì í mú. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ kú. Ni mo bá ń da ẹrù sílẹ̀ bí aláṣọ òkìrìkà tó ń pàtẹ. Kí n tó to ṣọ́bìrì pọ̀, ẹni tó ń wo aago ní ó ti lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí yìnyín bá ya bò, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ìrètí rẹ̀ pọ̀ jù. Báàgì mi nìkan ti jẹ mẹ́rin níbẹ̀.

Nítorí náà, báàgì tó ní àpò tó dá dúró fún ṣọ́bìrì àti probe (ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá èèyàn) nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ gbé ṣọ́bìrì tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn jù tí ẹ ní, ẹ máa tì í bọ̀ ọ́, ẹ máa yọ ọ́. Wọ́n á máa wò yín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ẹ má dá wọn lóhùn. Beacon ní tirẹ̀ kì í gbé inú báàgì o! Ara ni wọ́n ń so ó mọ́, torí yìnyín lè já báàgì gbà lẹ́yìn èèyàn.

Ní ti lítà, 30 sí 35 tó fún àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ kan. Tí ẹ bá máa sun ahéré orí òkè, ẹ wá 40 sókè. Ẹ mú èyí tó ń ṣí láti ẹ̀yìn, kí ẹ lè dojú rẹ̀ bolẹ̀ tí ẹ bá ń mú nǹkan. Ibi tó ń kan ẹ̀yìn yín ò ní kó yìnyín. Kí okùn ìta rẹ̀ gba snowboard lóòró, kó sì gbà á tó bá jẹ́ splitboard, ìyẹn snowboard tó ṣeé là sí méjì, tí ẹ ti là. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi mu láti inú báàgì tàn yín: òtútù á dì í kí ọ̀sán tó pọ́n.

Airbag, ìyẹn báàgì tó ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde tí yìnyín bá ya, ńkọ́? Ó dáa, ó ń ranni lọ́wọ́ láti wà lókè yìnyín tó ń ya, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì gbówó lórí. Èmi kọ́kọ́ fi owó yẹn kọ́ nípa bí yìnyín ṣe ń ya, mi ò kábàámọ̀. Tí ẹ bá máa rà á, tí ẹ sì ń wọ bàálù, ẹ ra èyí tó ń fi iná mànàmáná wú, kì í ṣe èyí tó ń fi gáàsì wú, torí wọn kì í gba àgbá gáàsì tó kún wọ bàálù l'Amẹ́ríkà. Okùn airbag tó ń gba abẹ́ itan kọjá, ẹ má gbàgbé láti dè é.

Tó bá jẹ́ Denver náà lẹ wà, 32 mi wà nílẹ̀ ní Sátidé. Ẹ wá gbé e kọ́ ẹ̀yìn wò kí ẹ tó náwó.