Ìbéèrè láti Iléṣà: Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ajubọ́ọ̀lù lójú pápá?

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ni mí ní Iléṣà, ní àdúgbò Ìsọ̀kùn. Èmi àti àwọn ọmọ mi jọ wo fíìmù For Love of the Game tó jáde lọ́dún 1999, èyí tí Kevin Costner ti ṣe ajubọ́ọ̀lù ẹni ogójì ọdún. Apá ń ro ọkùnrin náà, síbẹ̀ òun nìkan ló ju bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ eré bésíbọ́ọ̀lù náà dé òpin, kò sì sí alátakò kan tó dé ibùdó kìíní, ibi àkọ́kọ́ tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré lọ. Àkọ́bí mi sọ pé irọ́ pọ́nbélé ni, pé akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi ìbá ti yọ ọ́. Èwo ni ká gbà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àkọ́bí yín, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ rí yẹn ti ṣẹlẹ̀ rí. Láti ọdún 1880 títí di ìparí ọdún 2024, ìgbà 24 ni wọ́n ti ṣe é nínú ìdíje àgbà Amẹ́ríkà, tí ẹni 27 dìde láti gbá bọ́ọ̀lù, tí gbogbo wọn sì padà sí ìjókòó láìdé ibùdó kankan. Don Larsen ṣe é fún ẹgbẹ́ Yankees lọ́dún 1956, nínú World Series, ìdíje àṣekágbá ọdún, pàápàá.

Ibi tí fíìmù ti yà kúrò lọ́nà ni bó ṣe ń fi ìpinnu náà hàn wá. Nínú fíìmù, akọ́nimọ̀ọ́gbá a rìn lọ sórí òkìtì tí ajubọ́ọ̀lù dúró sí, a wò ó lójú, a rí i pé ọkàn rẹ̀ kò mì, a sì fi í sílẹ̀. Lójú pápá gidi, wọ́n ti ro púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kí eré tó bẹ̀rẹ̀: iye bọ́ọ̀lù tí apá rẹ̀ lè jù lọ́jọ́ náà, àwọn alátakò tí yóò kàn lẹ́yìn èyí, àti ẹni tí wọn yóò ti pè lórí fóònù pé kó máa mú apá gbóná. Àwa tí a mọ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rí irú rẹ̀ ní Ife Àgbáyé ọdún 2014, nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Louis van Gaal mú aṣọ́lé Tim Krul wọlé fún Netherlands kété kí wọ́n tó gbá pẹnáritì pẹ̀lú Costa Rica. Kì í ṣe ìṣẹ́jú yẹn ni ìmọ̀ràn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ìpinnu náà tún wúwo ní ti pé ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n bá ti yọ kúrò nínú eré kò lè padà wá jù ú lọ́jọ́ náà mọ́.

Ẹ wo Clayton Kershaw, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Dodgers, ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Abala 7 nínú mẹ́sàn-án tí eré máa ń ní ló jù ní Minneapolis láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ibùdó kìíní, bọ́ọ̀lù 80 péré ló sì tíì jù, síbẹ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, Dave Roberts, yọ ọ́. Kershaw fúnra rẹ̀ sọ pé ìpinnu tó tọ́ ni, nítorí pé ọdún ìdíje ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ìgbáradì wọn kò sì pẹ́ tó. Fíìmù wo ló máa gbà kí ìtàn rẹ̀ parí báyẹn?

Ohun tó dùn mí jù nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí ni pé àbájáde ni wọ́n fi ń dá ìpinnu láre. Nínú Major League, ti ọdún 1989, akọ́nimọ̀ọ́gbá mú ajubọ́ọ̀lù Rick Vaughn wọlé láti kojú ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lágbàájù tẹ́lẹ̀, kìkì nítorí pé ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé ọjọ́ Vaughn ti pé. Vaughn ju bọ́ọ̀lù eléré mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ọkùnrin náà sì gbá òfìfo lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ajubọ́ọ̀lù gidi tó mọ iṣẹ́ yóò da eléré pọ̀ mọ́ èyí tó rọra ń bọ̀, kí ẹni tó mú igi dání má baà mọ ìgbà tí yóò fì í.

Lójú ayé, èrò tó mọ́gbọ́n dání lè pàdánù. Ní eré kẹfà World Series ọdún 2020, Tampa Bay ń fi ayò 1 sí òdo ṣíwájú Dodgers, Blake Snell, ajubọ́ọ̀lù Tampa Bay, sì ń jù ú bí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè kápá. Bọ́ọ̀lù 73 ló ti jù nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Kevin Cash yọ ọ́ ní abala kẹfà, nítorí pé àwọn tó kọ́kọ́ máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún Dodgers fẹ́ kojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún sì fi hàn pé ẹni tó bá ti rí bọ́ọ̀lù ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì a máa gbá a dáadáa sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Dodgers jẹ ayò 2 ní abala náà, wọ́n borí pẹ̀lú 3 sí 1, wọ́n sì gba ife. Lọ́dún 2003 ẹ̀wẹ̀, Grady Little, akọ́nimọ̀ọ́gbá Boston, fi ajubọ́ọ̀lù Pedro Martínez sílẹ̀ ní abala kẹjọ eré wọn pẹ̀lú Yankees, ó ti rẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń fi 5 sí 2 ṣíwájú. Yankees dọ́gba, wọ́n sì borí ní abala kọkànlá. Boston kò tún àdéhùn iṣẹ́ Little ṣe. Èyí tó yọ ajubọ́ọ̀lù gba èébú, èyí tó fi í sílẹ̀ náà gba èébú. Ní tèmi, ìrònú Cash kò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pàdánù. Little ni mi ò lè gbè, nítorí pé àárẹ̀ Pedro ti hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ta ló ń yan irú bọ́ọ̀lù tí wọn yóò jù, ṣé ajubọ́ọ̀lù ni àbí ẹni tó ń mú un lẹ́yìn igi? Ṣé fíìmù sọ òótọ́ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ni mo ti gbóríyìn fún wọn. Amúbọ́ọ̀lù ló sábà máa ń dábàá, ajubọ́ọ̀lù sì lè mi orí pé òun kò fẹ́. Bull Durham, ti ọdún 1988, fi èyí hàn bó ṣe rí: ajubọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ kan kọ ìmọ̀ràn àgbà amúbọ́ọ̀lù, àgbà náà sì sọ irú bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ fún alátakò, ẹni yẹn sì gbá a jìnnà réré. Ron Shelton tó darí fíìmù náà ti gbá bésíbọ́ọ̀lù nínú ìdíje kékeré rí, ìmọ̀ yẹn sì hàn. Kìkì pé àṣà ti yí padà: láti ọdún 2022, ẹ̀rọ kékeré ni ọ̀pọ̀ fi ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ jù dípò ìka, láti ọdún 2023 sì ni aago ti ń ka ìṣẹ́jú-àáyá 15 fún ajubọ́ọ̀lù nígbà tí kò bá sí ẹnìkan lórí ibùdó, nítorí náà kò sí àyè fún àríyànjiyàn gígùn mọ́.